Ìbò Méjì Lára Ògiri Ilé Ìwé

Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní àǹtí, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Gàrí ni àǹtí ń yan lábúlé wa, tó wà nínú oko lẹ́yìn ìlú Olódò. Lọ́dún tí mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lÓlódò, àǹtí lóyún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń rọbí, òjò ti gbé pákó tí a tẹ́ sórí odò lọ, bẹ́ẹ̀ òdìkejì odò ni ilé ìwòsàn wà. Ọlọ́kadà gbé wọn dé etí omi, kò rọ́nà gbà. Orí koríko tútù ni àǹtí bímọ sí. Ọmọ náà ò ké.

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run ló gbà á. Ó dáa. Ta ló wá gba afárá tí àwọn olóṣèlú ti ń ṣèlérí fún wa láti kékeré mi?

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni abúlé wa ń dìbò fún látìgbà tí mo ti gbọ́njú, nítorí pé àwọn ló gbé ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wá nígbà kan. Bí ìbò bá ku ọ̀la, baálẹ̀ á pe gbogbo ilé jọ lẹ́yìn ìrun Alásárì, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà. "Ẹ ṣáà mọ ibi tí à ń tẹ̀. A kì í ṣe aláìmoore." Ó parí.

Nígbà tí ìbò tó tẹ̀lé ikú ọmọ náà dé, Olódò ni mo ti dìbò, torí ibẹ̀ ni mo ti gba káàdì. Ọjọ́ kejì ni mo wálé. Èrò ti pé sídìí ìwé èsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìbò lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwé. Ẹgbẹ́ wa ló kó gbogbo ìbò, àfi méjì péré. Bí ẹni tó rí ejò nínú yàrá ni wọ́n ṣe ń wo méjì yẹn.

Lọ́sàn-án, baálẹ̀ pe ìpàdé. "Ọ̀dàlẹ̀ méjì wà láàárín wa. Kí wọ́n jáde."

Ìjòyè kan ní kí wọ́n gbé irin wá, kí olúkúlùkù fẹnu kàn án búra. Àǹtí dìde.

"Ẹ má wulẹ̀ gbé irin kankan. Èmi ni mo tẹ ọ̀kan. Baba, ẹ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Ṣé kí n máa dúpẹ́ nítorí rẹ̀ ni?"

"Ta lẹnì kejì?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá lọ kí i."

Wọ́n ní àǹtí ò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ náà mọ́ láé. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo bínú dìde, mo bi wọ́n bóyá abúlé ló ni ẹ̀rọ àbí ẹgbẹ́. Ìjòyè yẹn ní, "Ìwọ tí o ò dìbò níbí, jókòó." Bàbá mi fà mí láṣọ.

Mo ń pariwo títí a fi délé. Bàbá ti ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"Èmi lẹnì kejì."

"Bàbá! Ẹ sì jókòó síbẹ̀?"

"Bí wọ́n bá yọ mí sọ́tọ̀, ta ni yóò sin mí lọ́jọ́ tí mo bá kú?"

"Àǹtí ńkọ́? Ta ló dúró tì wọ́n?"

Bàbá dìde. Wọ́n mú búta, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá.

Látìgbà náà, bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé ara oko ò gbọ́n, pé ohun jíjẹ ni wọ́n fi ń ra ìbò wọn, ara mi máa ń gbóná. Ẹnikẹ́ni ò ra bàbá mi. Aládùúgbò wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ta ló mọ iye àwọn tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí inú wọn ń bàjẹ́ bíi ti wa, tí wọ́n sì panu mọ́?

Àǹtí kó wá bá mi lÓlódò, àgbàdo sísè ni wọ́n ń tà báyìí. Mo ní kí wọ́n gbé káàdì ìbò wọn wá síbí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Abúlé mi ni."

Lọ́jọ́ ìbò tó kọjá, mo ti lọ sùn sábúlé láti ọjọ́ tó ṣáájú kí n lè sìn wọ́n lọ. Àǹtí tò sórí ìlà. Ẹni iwájú sún síwájú, ẹni ẹ̀yìn sún sẹ́yìn, wọ́n fi àǹtí sílẹ̀ láàárín gbùngbùn bí ẹni tó ní àrùn. Bàbá mi wà lórí ìlà yẹn pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ lórí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bó ti yẹ kí ọmọ kí bàbá, àmọ́ mi ò lè wo ojú wọn.