Ṣúgà àti Ìwẹ̀ Ọmọ Tuntun

Ọkọ mi máa ń sọ pé bí èèrà bá ń wá ẹni tí wọn yóò fi jọba, kí wọ́n má lọ jìnnà, kí wọ́n wá wò mí ní Odode. Kò parọ́. Bí mo bá mu tíì tán, ṣúgà tí kò yọ́ á ṣì wà ní ìdí kọ́ọ̀pù, màá sì fi ṣíbí ha á jẹ. Ní ìsọ̀ tí mo ti ń ta òkìrìkà, mínírà àti bisikíìtì ni oúnjẹ ọ̀sán mi. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ gàrí sílẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Ofosu, wá kí wa nígbà tó lóyún àkọ́kọ́. Mo gbé garawa omi lọ́jọ́ kan báyìí, òòyì kọ́ mi, omi dà nù, díẹ̀ ló kù kí n dojú bolẹ̀. Òun ló fà mí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gún mi níka, wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, pé mo sì ń fi ohun dídùn dípò oúnjẹ.

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Tí òòyì yìí ò bá lọ, mi ò lè gbé ọmọ tuntun lé yín lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi ló máa wá wẹ̀ fún un."

Inú bí mi. Ta ló wẹ̀ fún òun alára? Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn máa da omi sí i lórí kí n máa wòran! Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Aládùúrà ni wá nílé wa, nítorí náà mo gbààwẹ̀. Mo ní kí Olúwa gba ohun dídùn lẹ́nu mi. Omi lásán kò kàn mí lẹ́nu títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa ṣínu, búnsì àti mọ́ọ̀tì ni mo dojú kọ.

Ọkọ mi wò mí títí. "Ṣé ààwẹ̀ lo gbà ni, àbí ò ń to ebi jọ de búnsì?"

Òòyì tún kọ́ mi lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì bá mi wí díẹ̀, ó ní kí n máa jẹun gidi láàárọ̀, kí n sì dín ṣúgà kù ní ìwọ̀nba tí agbára mi gbé.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ṣúgà ṣe wọlé náà ni mo ṣe ń lé e jáde. Mo yọ ṣúgà ẹyọ kan nínú tíì, mo dúró títí ahọ́n mi fi gbà, kí n tó yọ òmíràn. Mo ń gbé ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín lọ sí ìsọ̀, mo wá rí i pé bí mo bá yó, mínírà kì í pè mí. Mo fi ọ̀kadà sílẹ̀, mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ni ọ̀nà ilé wa.

Àsìkò kòkó wá dé. A lọ fọ́ kòkó lóko wa ní Aládé, mo sì ń lá omi funfun ara kóró rẹ̀ láti àárọ̀. Mo ní ti igi nìyẹn, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi rọra fa apẹ̀rẹ̀ kúrò níwájú mi. "Ìyá, kòkó tá a fẹ́ tà lò ń jẹ yìí o." Nígbà tá a máa fi délé, òòyì ti tún ń kọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, màá ti ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, màá sì lọ ra mínírà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sùn, mo jí, mo padà sórí ẹ̀wà mi.

Nígbà tó yá, tíì tí ẹnìkan pò fún mi ní ìsọ̀ dùn débi pé mi ò lè mu ún tán. Inú mi dùn bí ẹni tó yege ìdánwò. Nọ́ọ̀sì náà ní ṣúgà ti wálẹ̀. Mo ṣì ń jẹ kéèkì níbi ọjọ́ ìbí, ojú kò sì tì mí.

Ọmọ mi bímọ, mo gba Ofosu lọ. Àna mi obìnrin, ìyá ọkọ rẹ̀, ti wà níbẹ̀, ó jókòó ti bàsíà ìwẹ̀. Ọmọ mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Òòyì ńkọ́, Mọ́mì?"

"Ó ti lọ ilé ẹlòmíràn."

Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó jókòó ṣánṣán sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi kànrìnkàn fọ ara rẹ̀, ọmọ figbe ta, mo ń kì í. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀ pé kó na òróró sí mi, àṣé ó ti sùn lọ.