Ìdajì Ẹ̀kọ́ Tó Sáré Dé Atlanta

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí lọ́dún tí mo fi irọ́ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Mi ò kúrò ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, o. Orí àga ilé ìdáná mi, nítòsí òpópónà Alibon, ni mo jókòó sí tí mo ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ kí tíṣà tò ó. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú, kí n tó wá bá àwọn ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní ọ̀nà ìkọ́ni kan tí mo fi ń yangàn. Bí mo bá fẹ́ kọ́ wọn ní òtítọ́ kan, irọ́ tó dojú kọ ọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, tàpẹẹrẹ tàpẹẹrẹ, bí ẹni pé ó dá mi lójú. Màá wá ní, "Ẹ rò ó wò dáadáa." Màá sì jáde kúrò ní kíláàsì. Kí n tó padà, ọmọ tó gbọ́n jù á ti nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò rí bẹ́ẹ̀!" Inú mi á dùn. Mi ò jẹ́ kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti sọ pé irọ́ ni, kí ni wọ́n á tún máa wá?

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ dìbò yan ààrẹ ní Amẹ́ríkà, àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Atlanta. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbẹ̀, níbi tó ti ń ta èlùbọ́, epo pupa àti ẹja gbígbẹ tó ń kó wọlé láti ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni. Ìbò rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì mú un ní pàtàkì bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

"Àǹtí mi, wọ́n ní àwọn máa fi owó ibodè lé ọjà tó ń tòkèèrè wọlé. Àwọn kan ní orílẹ̀-èdè tó fi ọjà ránṣẹ́ ló máa san án. Àwọn kan ní èmi ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mi ò fẹ́ gbọ́ irọ́ kí n lọ fi dìbò."

"Fi sílẹ̀ fún mi," ni mo wí. "Màá là á yé ọ yékéyéké."

Mo lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kì í rí kíláàsì lójoojúmọ́. Irú ọ̀rọ̀ yẹn náà sì ti ń jà ràn-ìn lórí fóònù láàrin àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa. Mo pinnu pé gbogbo wọn ni màá kọ́ pọ̀.

Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí fóònù. Ohùn tí mo fi ń ka ìkéde nílé ìjọsìn ni mo lò, ohùn tí ẹnikẹ́ni kì í bá jiyàn. Mo ní, "Owó ibodè yìí, orílẹ̀-èdè tó fi ọjà ránṣẹ́ ni yóò san án. Oníbàárà inú ìlú kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ọjà yóò tiẹ̀ tún dínwó sí i. Ẹ rò ó wò dáadáa." Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ìjọ, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, mo sì gbé àpò mi, ó di àwọn ṣọ́ọ̀bù Heathway, kí n lọ ra iṣu, kí kíláàsì mi lè ráyè ronú.

Iṣu ọjọ́ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí náà mo pẹ́. Nígbà tí mo dé, mo wo fóònù bóyá ẹnìkan ti nawọ́ sókè. "Àmín" ni gbogbo wọn kọ. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mo kọ́ wọn o, wọ́n fi àmín tì í! Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo rọra jókòó, mo gba apá kejì sílẹ̀, níbi tí mo ti fi òtítọ́ wó irọ́ náà palẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fi òun náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gùn tó ìwàásù ọjọ́ ìkórè. Títí di òní, ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀ dájú pé ó gbọ́ ọ tán, nítorí pé mo jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Rú tó tẹ̀ lé e, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Barking, mò ń lọ fún ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní Creekmouth, níbi tí ilé ìjọsìn wa wà láàrin àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀gbẹ́ni kan, ọmọ Yorùbá, jókòó níwájú mi, ó ń gbọ́ nǹkan lórí fóònù, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ẹni pé òun nìkan ló ni bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ rọra bá a wí. Àfi bí mo ṣe gbọ́: "Oníbàárà inú ìlú kò ní fi kọ́bọ̀ kún un." Ohùn mi ni!

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi ìyẹn ránṣẹ́ sí yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester ni, Mọ́mì. Prófẹ́sọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́. Ẹ gbọ́ bí ìyá yìí ṣe ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ!"

"Kì í ṣe òótọ́ o. Ó ní apá kejì."

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ kàwé tó ìyá yìí ni?"

"Èmi ni ìyá yìí."

Ó wo sutánà funfun mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò sí bàtà níbẹ̀. "Ẹ ṣé, Mọ́mì," ló fi pẹ̀lẹ́tù sọ. "Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà yín." Ó sì dìde lọ jókòó sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn. Àbúrò mi! Mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo pè é.

"Àǹtí mi! Orí ìlà ìbò ni mo wà. Wọ́n ní ká pa fóònù bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, mo sì ti fẹ́ débẹ̀."

"Ṣé o gbọ́ apá kejì?"

"Apá kejì èwo? Ẹ̀kọ́ yín ti yé mi. Mo ti pinnu."

"Irọ́ ni!"

"Kí ni irọ́?"

"Ohun tí mo sọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí pé mo parọ́ pé mo ti wẹ̀?"

"Ó dáa, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Láyé àtijọ́, bí oníṣòwò bá dé ẹnu ibodè…"

"Àǹtí! Ìlà ń lọ!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo kọ́ ẹ̀kọ́ láìní ìfáàrà. "Ìwọ lo máa san án. Ẹni tó kó ọjà wọlé ló ń sanwó ibodè, ó sì máa ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ lé ẹni tó wá rajà lórí. Ẹni tó bá wù ọ́ ni kí o dìbò fún, mi ò dá sí i. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjelòó dìbò."

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn."

"Ẹ sì lè sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo béèrè?"

Mo gbọ́ tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. "Ìbò ìṣáájú la ṣì ń dì, ọjọ́ ìdìbò gan-an kò tíì pé; màá padà wá lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n lọ tún inú rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi ohùn kankan ránṣẹ́."

Ó padà lọ lóòótọ́, ó sì dìbò. Kò sọ ẹni tó dìbò fún, mi ò sì béèrè. Ó tó mi pé ó mọ ohun tí owó ibodè jẹ́ kó tó dìbò. Àwọn yòókù tí ìdajì ẹ̀kọ́ mi bá délé ńkọ́? Mi ò mọ iye wọn, mi ò sì mọ ọ̀nà tí màá gbà lé wọn bá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí irú rẹ̀ tọwọ́ yín wá. Kíláàsì ní ògiri, ó sì ní ọmọ tí yóò nawọ́ sókè. Fóònù kò ní. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn.