Ta Ló Fẹ́ Rán Ìyá Níṣẹ́?

Ìyá Kí-ló-fà-á ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ ọsibítù ń pè é lẹ́yìn. Wọn kò pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò kúrò lára aṣọ, kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò gbé aṣọ náà lọ sí ẹnu fèrèsé, yóò wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, yóò ní, “Kí ló fà á?” Bí ẹ̀rọ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń tún un ṣe tó dé, ìyá yìí á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ, á ti máa fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò. Àwọn kan ní ó ti ń tojúbọ̀ jù. Èmi kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò bá sì béèrè ni yóò máa fọ àbàwọ́n kan náà títí aṣọ yóò fi ya.

Nígbà tó yá, ọsibítù ti ilé ìfọṣọ náà pa, wọ́n ń gbé aṣọ wọn fún ilé iṣẹ́ kan níta. Wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn nípa Ìyá, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin fi dé.

“Màámi, ẹ wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá ẹ̀yìn wà ńlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.”

Ọmọ gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìyá fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ju ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jí láàárọ̀ kó má sí ibi kankan tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, ẹ̀rù èyí ń bà á gan-an. Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ti re ọ̀run, ilé ti dákẹ́; iṣẹ́ ló kù tí ń pè é jáde. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn: bí àwọn ọmọ bá wọlé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìsinmi tí Ìyá kò tíì ríṣẹ́, yóò kó ẹrù rẹ̀ wá. Ọmọ gbà. Ó wá lọ ra ọ̀dà, ó kun yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì dùn bí oyin. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, bó ṣe wọlé ni gbogbo wọn dìde, àgbà inú wọn sì fa àga fún un. Ìyá jókòó, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ó jèrè iṣẹ́ yín. Ẹ ò ní ṣe àṣedànù.” Wọ́n ṣe àmín, ẹnu wọn kò. Ní ilé ìwé kan táwọn ọmọ ń gbé, ọmọbìnrin tó yẹ kó máa bi í ní ìbéèrè ló ń ro ẹjọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ fún un. Ìyá gbà á nímọ̀ràn, ọmọ náà sì nu omijé nù. Níbi kẹta, ọ̀gá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu géètì, ó sì dá tákísí dúró fún un. Gbogbo wọn ló ní, “Ẹ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wa, Mà.” Ìyá kò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ká ní wọ́n fi ojú pa á rẹ́ ni, kò ní ṣe é ní kàyéfì. Oore yìí gan-an ni kò yé e. Nígbà tó bá ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, tó bá ń gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jà ràn-ìn lọ́kàn rẹ̀: bí mo bá ti jáde tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ nínú yàrá yẹn?

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló sọ fún un pé obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú burúkú wo ìyàwó yìí, ẹ má sọ pé yàrá ẹ̀yìn ló ń rò. Bó bá tiẹ̀ ń rò ó díẹ̀, ìmọ̀ràn náà dára.

“Ṣé wọ́n ń sanwó fún un ni?” Ìyá béèrè.

“Wọ́n ń sanwó fún un, Mà.”

“Kí n wáṣẹ́, kí n tún máa sanwó wíwá?” Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, ó gbéra.

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ni ọ́fíìsì náà wà. Òórùn rọ́bà ń bá ènìyàn gun àtẹ̀gùn. Inú rẹ̀ mọ́, kò tóbi: tábìlì kan, àga méjì, fáànù tó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò dá lójú. Olùrànlọ́wọ́ náà kò tíì pé ogójì ọdún. Ó wọ gíláàsì, ó ki pẹ́ńsù bọ inú irun, ó sì ka ìwé tí Ìyá fi ń wáṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ìwé yín ò ní wàhálà kankan, Mà. Ẹ jẹ́ ká ṣe bíi pé íntáfíù ni. Ẹ jáde, kí ẹ kanlẹ̀kùn, kí ẹ wọlé bí ẹni tó wá wáṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Ìyá jáde, ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé. Kó tó dé ìdí àga, olùrànlọ́wọ́ ti dìde, ó ti fa àga náà fún un. Ìyá kí i kú iṣẹ́, ó sì wúre fún un. Ìbéèrè kìíní lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí ìkejì, olùrànlọ́wọ́ ti ń sọ bí onílé rẹ̀ ṣe ń da ayé rẹ̀ láàmú, Ìyá sì ń sọ fún un pé kó fi sùúrù ṣe é. Lójijì, obìnrin náà dákẹ́. Ó bọ́ gíláàsì lójú, ó wo Ìyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ ti mú mi. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àga. Ẹ̀yin ni ọ̀gá báyìí, èmi ni mo wá wáṣẹ́.”

Ó jáde, ó kanlẹ̀kùn. Ẹni tó wọlé padà kì í ṣe ọmọdébìnrin onígíláàsì mọ́. Ó rọra ń gbé ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wo gbogbo yàrá bí ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ. Ìyá kò mọ ìgbà tí òun fi dìde.

“O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. O ó jèrè iṣẹ́ rẹ. Àwọn òbí rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n wà?” olùrànlọ́wọ́ wí.

“Ẹ ṣeun, Mà.” Ìyá rántí pé òun ni ọ̀gá. “Ṣé ẹ lè ṣiṣẹ́ òru?”

“Kí lojú mi ò rí rí nídìí iṣẹ́ yìí, ọmọ mi? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti wà níbẹ̀.”

Ìyá wá ìbéèrè mìíràn, kò rí i. Kí ni ènìyàn tún fẹ́ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹnu rẹ̀ kàn là fúnra rẹ̀, ó ní, “Ẹ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wa, Mà.”

Olùrànlọ́wọ́ fa àga sún mọ́ tábìlì.

“Ẹ sọ òótọ́,” olùrànlọ́wọ́ wí. “Ṣé ẹ máa gba màmá yẹn síṣẹ́?”

Ìyá rò ó. Kì í ṣe ẹni tó ń fi òótọ́ ṣeré. “Màá fún un lómi tútù. Màá sìn ín jáde. Mi ò ní gbà á.”

“Kí ló fà á?”

“Bó bá ṣe àṣìṣe lọ́la, ta ló fẹ́ sọ fún un? Ta ló fẹ́ rán an níṣẹ́? Ara mi ò lè gbà á. Màá kàn máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ tún iṣẹ́ ṣe títí ó fi máa sú mi.”

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tún dùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ó ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ohun kan náà tí òun ì bá sọ ni.

“Ṣé kí n má wúre fún wọn mọ́ ni?”

“Tí wọ́n bá ti gbà yín tán, ẹ wúre bó bá ṣe wù yín.” Olùrànlọ́wọ́ dá gíláàsì rẹ̀ padà sójú. “Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún yín kì í ṣe ẹ̀tàn, Mà. Ẹ ò sì lè ní kí wọ́n má bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa wá bí ó ṣe máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti rán yín. Kí n má parọ́, mi ò tíì mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ lọ wá ẹnì kan tó kéré sí yín, kí ẹ ní kó máa rán yín níṣẹ́. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ká jọ sọ ọ́.”

Alágbàfọ̀ kan wà ládùúgbò Ìyá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí orin kì í kúrò létí rẹ̀. Ìyá lọ bá a, ó ní kó jẹ́ kí òun bá a lọ aṣọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kó sì máa sọ fún òun bí òun bá ṣì í ṣe. Ọmọ náà rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé Ìyá ti gbá áyọ́ọ̀nù mú, ó fi í sílẹ̀. Ìyá lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan dáadáa, ó wá mọ̀ọ́mọ̀ fi ibì kan sílẹ̀ lábẹ́ kọ́là kó ká kò. Alágbàfọ̀ gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, ojú rẹ̀ lọ tààrà síbẹ̀.

“Ó dáa gan-an, Mà. Ẹ ṣeun.”

Ó gbé e kọ́. Ìyá yí ẹ̀yìn padà láti bu omi, ló bá gbọ́ ‘ṣàá’ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti já ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lára hángà, ó fi ara bo tábìlì, ó ń lọ kọ́là ní kíá kíá bí ẹni ń jí ẹran jẹ.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Kò sí o, Mà. Mo kàn ní kó tún gbóná sí i díẹ̀ ni.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé òkìtì aṣọ ìdọ̀tí. Nígbà tó mí tán, ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́: “Ọmọ mi, mi ò bínú. Kí ló fà á tó ò fi lè sọ ọ́?”

Alágbàfọ̀ họ orí. “Mo fẹ́ sọ ọ́ o, Mà. Mo ti ń kó o jọ lẹ́nu. Àmọ́ ẹ ò jẹ́ kó jáde. Ẹ ti ń kí mi pé mo kú iṣẹ́, pé Ọlọ́run á gbọ́ tèmi. Ta ló fẹ́ gba irú àdúrà yẹn tán, kó wá ní kọ́là ò dáa?”

Ohun tí Ìyá gbé relé lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó wá yé e pé bí ọmọdé bá ti ń wá ọ̀rọ̀ níwájú òun, àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe òun, òun a sì tètè sọ nǹkan láti gbà á sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti kà á sí ìwà rere.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́, ọmọ rẹ̀ sì ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí yàrá ẹ̀yìn, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tó ń fọ aṣọ fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì pe Ìyá. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbígbẹ̀yìn Ìyá lọ. Ó dìde, ó fa àga. Ìyá kí i, ó jókòó, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Àdúrà ń yún un lórí ahọ́n.

“Ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí gan-an, Mà.”

“Níbòmíràn ni, sà. Mi ò tíì mọ bí ẹ ṣe ń ṣe tiyín.”

Ọ̀gá gbójú sókè. Ó ní kí àwọn lọ wò ó. Nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́, ooru omi gbígbóná bo gbogbo ilẹ̀, àwọn obìnrin sì tò sídìí tábìlì gígùn kan, wọ́n ń ká aṣọ. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì mì tútù lápá kan tó sì ń pọ̀ ọ́ ní gbígbẹ lápá kejì. Ìyá kò rí irú rẹ̀ rí, ó béèrè bó ṣe ń ṣe é, ọ̀gá sì ṣàlàyé títí inú òun náà fi dùn. Lẹ́yìn náà ló mú un dé ìdí tábìlì, ó ní kó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan kí òun rí i.

Ìyá ká a bí ọsibítù ṣe ń ká a, ìdámẹ́rin, etí kan etí. Àwọn obìnrin dá ọwọ́ dúró. Ọ̀gá wo aṣọ náà, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ó dáa, Mà. Ó dáa gan-an.”

Ìyá mọ ‘ó dáa’ yìí. Ó ti pàdé rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbà á báyìí, ẹnì kan yóò gbé báàgì òun dé ẹnu géètì.

“Kí ló kù níbẹ̀, sà?”

“Kò sí nǹkan kan, Mà.”

Ìyá kò fèsì. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́, kò kí i kú iṣẹ́, ó kàn dúró. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún un. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ń hó. Ọ̀gá wo aṣọ, ó wo àwọn obìnrin, ó wo òrùlé.

“Ìdámẹ́ta la máa ń ká a níbí, Mà,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Ibi tí àmì hòtẹ́ẹ̀lì wà ló máa ń wà níta. Ẹ… ẹ tú u, kí ẹ tún un ká.”

Ó dun Ìyá. Kí n má bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ó dùn ún dé egungun, lójú gbogbo obìnrin wọ̀nyẹn. Ó tú u. Ó tún un ká sí ìdámẹ́ta, ó sì rí i nígbà tó ti parí pé àmì ti wọ inú.

“Rárá,” ọ̀gá wí. Lọ́tẹ̀ yìí kò wo òrùlé. “Àmì ti wọ inú. Ẹ tún un ká.”

Ìyá tún tú u. Kó tó tẹ́ ẹ tán, ọ̀gá ti na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó ń tọ́ka sí etí aṣọ. “Apá ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì ṣe kíá, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.” Àwọn obìnrin ti padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́ aṣọ náà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀, nítorí ayọ̀ ti kún un. A kì í sọ fún àlejò pé kó ṣe kíá; òṣìṣẹ́ ẹni là ń sọ ọ́ fún.