Iṣu Tí Ẹ Gbìn Dè Mí, Màámi

Háà, Màámi! Ó dìgbà o, Àjọkẹ́ ìyá mi. Ẹni tí í jí kí àkùkọ tó kọ ti sùn, kò sì dìde mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ yìí ni mo kọ́kọ́ rí i tí ilẹ̀ mọ́ nílé wa láìgbọ́ ìró ọkọ́ yín lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀yin ni opó tí ó fi oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú ní abúlé wa yìí, lẹ́yìn ìlú Akínyẹlé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe yín níta. Ẹ fúnni ní nǹkan, ẹ kò fi ṣe ìrègún. Ẹ bá ni wí, ẹ sì bo àṣírí ẹni. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ ó ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, ẹ ó sì máa jẹ orógbó lẹ́nu bí ẹni tó yó.

Gbogbo abúlé ń pè yín ní Ìyá Ṣadé, nítorí pé èmi ni àkọ́bí yín, èmi nìkan sì ni obìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́ta. Orúkọ mi ni wọ́n fi ń kí yín láàárọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń kí yín lálẹ́. Èmi náà ti lé lógójì báyìí, kò sí ẹni tí wọn yóò fi pe èmi. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Àǹtí, àwọn ìyá wọn náà ń pè mí ní Àǹtí. N kò ní fi bò, ojú ń tì mí. Mo mọ̀ pé ìwé ìsìnkú kọ́ ni ibi tí à ń sọ irú èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣọ̀fọ̀ yóò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò wá fẹ́ mi rí. Ọ̀kan wá, kò sọ fún mi pé ìyàwó wà nílé. Òmíràn ní òun ń lọ fi tó àwọn ẹbí òun létí ní Ìlọrin. Àfi bíi pé ọ̀nà Ìlọrin ti dí láti ọjọ́ náà. Ẹ bá mi fi èyí rẹ́rìn-ín nígbà náà, Màámi. Lẹ́yìn náà ẹ wọ yàrá lọ, ẹ sì pẹ́ níbẹ̀.

Mo rántí Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ìyá ní ìjọ wa. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìyá dìde kí òun gbàdúrà fún wọn. Mo jókòó, mo tẹjú mọ́ Bíbélì mi. Ẹ fà mí lápá, ẹ rọra ní, "Dìde jàre. Ta ló fẹ́ kà wá?" Mo dìde, mo dúró ti yín, gbogbo ara mi ń gbóná fún ìtìjú. Ọwọ́ yín kò kúrò ní apá mi títí wọ́n fi ṣe àmín.

Ẹ̀yin ará ilé mọ bí ọ̀rọ̀ iṣu ìdána ṣe rí ní ìhín. Bí wọ́n bá ṣe ìdána ọmọbìnrin tán, ìyá ìyàwó kì í dá ẹrù náà jẹ. Yóò pín iṣu, oyin, iyọ̀ àti obì tí ẹbí ọkọ kó wá kiri ojúlé. Ẹni tí ó bá bí obìnrin mọ̀ pé tòun náà ń bọ̀ wá pín. Àwọn àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéyàwó, iṣu sì jáde nílé wa lọ sí ilé àna. Èyí tí yóò wọlé, ọwọ́ mi ló wà.

Màámi, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé ìpín yín dé, ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ ó súre fún ìyàwó, ẹ ó sì ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ ó bá wa jẹ tiwa náà." Ṣùgbọ́n ẹ kì í gún iṣu náà. Ẹ ó gbé e pamọ́ di àsìkò ebè, ẹ ó gé e ní èbù, ẹ ó gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá wà á, èyí tó bá kéré ni à ń jẹ. Àwọn tó tóbi tó gún régé, inú abà ni ẹ ń tò wọ́n sí, títí ebè mìíràn yóò fi dé. "Iṣu Ṣadé" ni ẹ sọ ọ́. Èbù tó ti ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyàwó wá di oko ńlá lọ́wọ́ yín.

Ìyá Múfú, aládùúgbò wa, ni ó gbé ti ìgbẹ̀yìn wá fúnra wọn. Rùkáyá àbíkẹ́yìn wọn ni wọ́n ṣe ìdána fún, ọmọ tí mo pọ̀n nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣadé, tìẹ náà á dé, ní agbára Ọlọ́run." Kí n tó la ẹnu, ẹ ti ṣe àmín, ẹ ti ní, "Ẹ ó bá wa jẹ tiwa náà." Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi yín pé, "Màámi, èwo ni wọ́n fẹ́ bá wa jẹ?" Ẹ kò wojú mi. Ẹ ní, "Ọjọ́ tó bá dé, mi ò ní máa wá iṣu kiri. Bí àwọn àna rẹ ò bá tiẹ̀ lówó iṣu, tèmi wà níbẹ̀."

Ìbá sàn kí ẹ bú mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń bọ̀ láti Ajíbọ́dé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà oko ni mo ń ní kí ọlọ́kadà gbà, kí n má baà kọjá lójúde àwọn ènìyàn. Ẹ̀yin kò ní ọ̀nà oko tí ẹ lè gbà. Ojúde wọn ni ẹ ń gbà lọ sí ìjọ, ẹ sì ń dá wọn lóhùn tí wọ́n bá ní, "Ṣadé ńkọ́?" Ìtìjú mi ni, ẹ̀yin ni ẹ gbé e rìn.

Ẹ wá kú nígbà tí abà kún. Níbi tí a ti ń jíròrò oúnjẹ ìsìnkú, ìyàwó àbúrò mi kan béèrè pé kí ló dé tí a fẹ́ ra iṣu ní ọjà Ṣáṣá nígbà tí iṣu wà nílé. Kọ́lá, àbíkẹ́yìn yín, ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá ní ká má fọwọ́ kàn án, a ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí mo bá yọ̀ǹda rẹ̀, mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún gbogbo abúlé pé kí wọ́n má retí mi mọ́. Bí mo bá sì dì í mú, iṣu ọjà ni a ó fi sìnkú àgbẹ̀ tí abà rẹ̀ kún. Mo jókòó síbẹ̀, n kò lè gbójú sókè. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n kó o jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, iyán tí wọn yóò gbé síwájú yín lónìí, iṣu ìdána Fọláṣadé ni. Ìyá Múfú, ti Rùkáyá wà nínú rẹ̀. Ojú ń tì mí láti bù ú fún yín láìsí ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, láìsí ọmọ tí yóò bá mi gbé omi ìṣanwọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó bù ú, ojúde ni n ó sì gbà. Ẹ má wojú mi jù. Ẹ jẹ ẹ́ yó.

Màámi, wọ́n ti ń bá wa jẹ tiwa. Kò sí ojúlé kan tí ẹ tún jẹ ní gbèsè ìpín iṣu. Ẹ sọ ọkọ́ kalẹ̀, ẹ na ẹ̀yìn yín. Ẹ sùn re o, Ìyá Ṣadé.