Mojí Kò Lè Kúnlẹ̀ Kí Àlejò

Torí pé ọmọ kan kò lè kúnlẹ̀, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ètò lónìí.

Iléèwé kan ní Iléṣà ni. Èmi ni mò ń bá wọn ṣètò ọjọ́ tí wọ́n máa pín ẹ̀bùn. Mojí, ọmọ tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, ló fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ìkíni sí àwọn àlejò.

Nínú kíláàsì wọn, olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé: "Mà, ẹ jẹ́ ká fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ṣé orí ìdúró ló ti máa kí àwọn àgbà ni?"

Mo bi í pé: "Ṣé ó mọ̀wé kà?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà tó Mojí, mà."

"Kí la tún ń wá?"

Fúnkẹ́, ọ̀rẹ́ Mojí, nawọ́ sókè: "Àǹtí, màá bá a kúnlẹ̀. Kó máa kàwé, kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Mojí yíjú sí i: "Ta ló bẹ̀ ẹ́? Mo lè tẹrí ba fún wọn fúnra mi."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó dá ìwé ọ̀rọ̀ ìkíni tó ti gbà lọ́wọ́ Mojí padà fún un.

Ká ní a yọ ọ́ ni, ẹ̀kọ́ tí gbogbo kíláàsì ì bá gbé lọ sílé ni pé ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ kò lè bọ̀wọ̀ fágbà.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ṣé ọ̀wọ̀ là ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, àbí orúnkún? Ẹ sọ tẹnu yín.