Wáyà Tí Sanoussi Fà

Bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n mi Houlératou lọ́jọ́ ọjà ní Bantè, nídìí ọṣẹ dúdú tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ sè, ẹ ó rò pé kò sí ohun tó ń dun obìnrin náà láyé. Á pa yín lẹ́rìn-ín, á bẹ̀ yín, ọṣẹ tí ẹ kò ní lọ́kàn láti rà á sì ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ yín. Èmi Latifatou, àbúrò rẹ̀ tí a jọ mu ọmú kan náà, ni mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é. Sanoussi ni orúkọ ọkọ náà, òun sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ iná mànàmáná bí mo ṣe mọ ọ̀nà odò, tí kò sì rí i ṣe nílùú bàbá rẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ ọ́. Bí ohùn mi bá ga, ẹ má bínú.

Kò tíì pẹ́ tó gbé ẹ̀gbọ́n mi níyàwó tó fi lọ sí Kùmásí, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti máa ń ṣe nígbà náà. Ó fi oyún sílẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kòkó ló bá lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nínú oko. Òyìnbó kan tó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la gẹdú rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó mú un sídìí ẹ̀rọ tó ń tan iná fún wọn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń fa wáyà. Nígbà tó ṣe, òyìnbó náà fún un ní ìwé pé ó mọ iṣẹ́.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó ń ti Kùmásí bọ̀ ló ń mú ìròyìn rẹ̀ wá fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi á gún iyán fún wọn, á jókòó tì wọ́n, á máa béèrè: ṣé kò rù? Ta ní ń se oúnjẹ fún un? Ṣé ó ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín? Wọ́n á ní ó sanra, wọ́n á tún bu iyán. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán lọ́fẹ̀ẹ́ ní Bantè láyé ìgbà yẹn, kó ṣáà ti sọ pé òun rí Sanoussi ní Kùmásí ni.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà ọyẹ́ ọdún 1953, Sanoussi padà dé. Salamatou, ọmọ tó fi sílẹ̀ nínú oyún, sá sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀, ó ń béèrè pé, "Ta ni bàbá yìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Sanoussi náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri, ó sì sunkún.

Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú mi pé, "Mi ò lọ mọ́. Iná ń bọ̀ níhìn-ín náà. Ibi tí iná bá dé, ẹni tó mọ̀ ọ́n fà kò ní pebi."

Kò purọ́. Alájì Moudachirou, oníṣòwò obì tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, ra ẹ̀rọ tó ń tan iná, ó sì ní kí Sanoussi wá fa wáyà fún òun. Sanoussi fà á sí ṣọ́ọ̀bù, ó fà á sí pálọ̀, ó fà á sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú Alájì dùn débi pé ó ní, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ògiri kan ló là wá, kí Sanoussi fa ẹyọ kan dé yàrá ìyàwó rẹ̀. Ó fà á gba orí ògiri, ó so gílóòbù kọ́ sí àárín àjà yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá ku kó lọ so ìdí wáyà náà pọ̀ mọ́ ti Alájì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó tètè so ó. Sanoussi ní, "Jẹ́ kí n parí ti onílé ná, kí n tó so tiwa."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn nílé Alájì, gbogbo àdúgbò ló dúró síta. Alájì kò gbà kí ẹnikẹ́ni pa á títí epo fi tán nínú ẹ̀rọ. Sanoussi jókòó lórí àpótí, kò wo iná rárá, ojú àwa tí à ń wo iná ló ń wò. Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí Sanoussi tó ráyè so tiwa, ìròyìn náà ti dé Savalou. Ní Savalou, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Zéphirin, ọmọ Mahi, tó kàwé lọ́dọ̀ àwọn Fadá. Òun ni ìjọba fi ṣọ́ ẹni tó lè fọwọ́ kan wáyà iná ní gbogbo agbègbè wa. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ ṣe é. Mo fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ní abúlé kan, ẹnì kan tí kò kọ́ iṣẹ́ ti fa wáyà fún oníṣòwò kan rí. Òjò rọ̀, ìyàwó oníṣòwò náà lọ ká aṣọ, iná sì pa á síbẹ̀. Zéphirin ni wọ́n pè wá wo òkú. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí wáyà.

Ó dé Bantè tòun ti gáàdì kan. Ó wo iṣẹ́ Sanoussi láti ṣọ́ọ̀bù dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mi orí.

"Iṣẹ́ yìí dára, ẹ̀gbọ́n," ó wí, Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Mahi nínú. "Ìwé àṣẹ yín dà?"

Sanoussi mú ìwé Kùmásí jáde.

"Ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Abẹ́ Faransé la wà níhìn-ín. Bí mo bá fi yín sílẹ̀ nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á dé lọ́la, á ní òun náà mọ̀ ọ́n. Kí ni màá fi lé e?"

Ó já wáyà kúrò lára ẹ̀rọ, ó fi òjé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba dí i kí ẹnikẹ́ni má baà tún so ó, gáàdì sì gbé àpò irinṣẹ́ Sanoussi lọ. Wọ́n ní bí wọ́n bá tún bá a nídìí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Báyìí ni Sanoussi di ẹni tó ń jókòó sílé. Ó gbìyànjú oko, ṣùgbọ́n ebè tó kọ kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, àwọn ọmọdé sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé àpótí rẹ̀ síta, ó ń jókòó kọjú sí ọ̀nà Tchetti, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí Tógò àti Kùmásí. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, "Latifatou, ojú ọkọ mi ti ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù." Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ti dúró de ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀kan, kò mọ̀ bóyá òun tún lè ṣe é.

Ó ké lọ bá àwọn àgbà. Àwọn àgbà pe ara wọn jọ, wọ́n sì rò ó bí àwa ará Bantè ṣe ń ro ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó lè dá iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá yọ̀ǹda rẹ̀ lójú ènìyàn. Wọ́n ní ohun tí Zéphirin ń béèrè kò ju ìyẹn lọ: ta ni ọ̀gá rẹ̀, ta ló yọ̀ǹda rẹ̀? Òyìnbó onígẹdú kò sì lè ti Kùmásí wá.

Bàbá Affissou, olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, ló dìde. "Kí ló fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀mú ni. Kí làwa fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀mú ni. Kí ni wáyà? Bàbà tí wọ́n nà títí tó fi tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ọmọ wa ni Sanoussi. Èmi ni n ó yọ̀ǹda rẹ̀."

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Sanoussi kúnlẹ̀ níwájú ilé arọ, ibi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń rọ irin, àwọn tí Bàbá Affissou ti yọ̀ǹda ṣáájú sì tò yí i ká. Arúgbó náà fi ẹ̀mú ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́, nítorí pé ti Sanoussi wà ní Savalou. Ó ní, "Mo tú ọ sílẹ̀ lónìí. O kò ní sin ọ̀gá kankan mọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Bí o bá tún padà lọ sìn, èmi lo pè ní òpùrọ́, èmi àti ilé arọ yìí." Wọ́n pín obì, wọ́n ṣàdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi gún iyán títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, ó sì ń kọrin.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a wọ kàmíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, lọ sí Savalou, àwọn àgbà, Sanoussi, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi, pẹ̀lú obì àti iṣu ńláńlá. Zéphirin dìde fún àwọn àgbà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gba obì, ó sì jẹ nínú rẹ̀. Bàbá Affissou rò fún un pé òun ti tú ọmọ náà sílẹ̀, pé òun ọ̀gá rẹ̀ nìyí, kí wọ́n dá irinṣẹ́ rẹ̀ padà.

Zéphirin jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Bàbá, mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ ìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ tí mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Kó wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi níhìn-ín bí ọmọ iṣẹ́, fún ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu kó lọ ṣe ìdánwò. Bó bá yege, ìwé di tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dí i lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa wá sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ọdún méjì! Savalou níbí! Ẹni tó ti dúró de Kùmásí, kí ni Savalou jẹ́ lójú rẹ̀? Ó dúpẹ́ dúpẹ́ kó tó rí i pé òun nìkan ló ń dúpẹ́. Ilẹ̀ ni Bàbá Affissou ń wò.

Sanoussi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, àbúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tú mi sílẹ̀."

"Ta ló tú yín sílẹ̀? Ìjọba kò mọ̀ ọ́n."

"Ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Bantè mọ̀ ọ́n."

A wọ kàmíọ̀ padà sílé. Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o. Ká ní a ti kọ́kọ́ lọ sí Savalou kí a tó lọ sí ilé arọ, Sanoussi ì bá ti máa gbé àpò tẹ̀lé Zéphirin kiri, inú gbogbo wa ì bá sì dùn. Àwa tí a fẹ́ dá a dúró la lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé arọ, mo tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú. "Bàbá, ẹ gbà á padà. Ẹ gba ìyọ̀ǹda yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Houlératou, ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Gbogbo ẹni tí mo ti tú sílẹ̀ ni wọn ó máa bi pé ṣé tiwọn dúró."

"Bàbá, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọkọ mi wà láàyè, mo fẹ́ kó wà níbi tí mo ti lè rí i. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ."

Arúgbó náà fi ọmọ owú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti dàgbà. Bí wọ́n bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní pẹ́ tí etí mi ò fi ní gbọ́ mọ́. Lọ pe ọkọ rẹ wá."

Ẹ̀gbọ́n mi sáré bí ọmọdé. Sanoussi wá, ó mú ẹ̀mú arúgbó náà dání. Nígbà tó rí i tí Bàbá Affissou na ọwọ́ láti gba ẹ̀mú, tí àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù sì ń gbé ojú kúrò, ó dọ̀bálẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ má ṣe é. Ẹ fi orúkọ yín dúró fún mi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dúró. Mi ò lè fi ọwọ́ mi fà á lulẹ̀."

Mo fẹ́ fi ọmọ odó là á lórí. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìwà ọmọlúàbí nìyẹn àbí agídí. Méjèèjì ló ń gbé inú ọkùnrin yẹn pọ̀.

Iṣu tuntun kò tíì jáde tó fi lọ. Ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi, ó gbójú sókè wo gílóòbù náà. "Ìyá Salamatou, iṣẹ́ mi kò tíì parí níhìn-ín. N ó padà wá so ó." Ó gba ọ̀nà Tchetti. Salamatou tó kọ́kọ́ sá fún un ló sunkún jù.

Láti ìgbà náà, àwọn oníròyìn tún ti ń jẹ iyán. Wọ́n ní Kùmásí ti di ara Gánà báyìí, wọ́n ti ta àsíá tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè àsíá, ó ní ṣé kò rù? Nígbà mìíràn, bí a bá ń ro ọṣẹ, á kàn dúró. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ikọ́ rẹ̀ láàárọ̀ gan-an ń wù mí gbọ́." Ní gbogbo Jímọ̀, ó ń gun àpótí, ó ń fi aṣọ nu gílóòbù náà kí aláǹtakùn má baà ta òwú rẹ̀ sí i.

Lọ́dún tó kọjá, ìyẹn 1958, Alájì Moudachirou ní òun kò lè máa wo ẹ̀rọ òun lásán mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Savalou, Zéphirin fúnra rẹ̀ sì wá. Ó já òjé, ó yẹ wáyà gbogbo wò, ó tẹ̀lé wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rí èyí tó gba orí ògiri wá sọ́dọ̀ wa. Ó wọ àgbàlá wa, ó kí wa, ó béèrè Sanoussi. A sọ fún un. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ìyá Salamatou," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n bá yín so èyí. Kò ní pẹ́, n kò sì ní gba nǹkan kan." Ó tú àpò rẹ̀, ó mú ẹ̀mú jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé? Èmi ní ìwé àṣẹ."

"Mo mọ̀. Ìwé àṣẹ yín dé gbogbo ilé tó wà ní Bantè, ṣùgbọ́n kò dé yàrá mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní àṣẹ láti so wáyà yẹn, kò sì sí nílé."

Zéphirin wò ó títí. Ó dá ẹ̀mú padà sínú àpò, ó tọrọ gáfárà, ó jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, iná Alájì tàn dé àárín àgbàlá wa. Ẹ̀gbọ́n mi tan fìtílà rẹ̀, ó wọlé.