Jẹ̀díjẹ̀dí Ọwọ́ Alhaja

“Asiata, ìwọ tí o kò gbọ́mọ pọ̀n rí, kí lo mọ̀ nípa ìdí ọmọ ọwọ́?”

Ìbéèrè tí Alhaja Ràfátù bi í nìyẹn lójú gbogbo ilé, lọ́dún 1984, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè Ọ̀fà. Alágbàfọ̀ ni Asiata, kò sí irú ọṣẹ tí kò tíì bó o lọ́wọ́ rí.

Ìdí ọmọ Sherifat, ìyàwó ilé Alhaja, ló pọ́n bí epo. Alhaja ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà tí Sherifat ń dà sí ẹ̀kọ ló gba inú ọmú wọlé. Ó gba páálí ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ àpótí, lásìkò tí èèyàn ń tò kó tó rí ṣúgà rà. Àgbo tí wọ́n máa rọ ọmọ lọ́jọ́ kejì sì ti wà lórí iná.

Asiata já nápíkìn kan lórí okùn, ó fi ahọ́n kàn án. Ọṣẹ! Ó wo pátá onírọ́bà tí Alhaja rà bọ̀ láti Kano, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lé nápíkìn ọmọ.

“Alhaja, ẹ jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́.”

“Mùsùlùmí kì í ta tẹ́tẹ́.”

“Ká pè é ní àdéhùn.”

Ó rẹ nápíkìn náà sómi, ó wé e mọ́ Alhaja lọ́wọ́, ó fi pátá rọ́bà dè é. Bí ara ọwọ́ náà bá dá ṣáṣá títí di àlùwàlá ọ̀sán, Asiata yóò fọ nápíkìn lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọmọ yóò fi rìn. Bí kò bá dá, kò sí àgbo, ṣúgà á sì padà.

Kò pẹ́ tí Alhaja fi ń fọwọ́ ha ògiri.

“Ẹ rọra o. Ọmọ ò lè fìdí ha ògiri.”

Nígbà tí wọ́n tú u, ọwọ́ ti hunjọ, ó pọ́n. Asiata tẹjú mọ́ ọn. “Háà! Jẹ̀díjẹ̀dí ti dé ọwọ́ yín, Alhaja. Ṣúgà wo lẹ lá?”

Sherifat fi ìbòrí bo ẹnu rẹ̀.

Asiata wá sọ̀rọ̀ gidi. Ìtọ̀ tí rọ́bà sé mọ́ra ni, àti ọṣẹ tí wọn kò ṣàn tán. Kí wọ́n gbé rọ́bà sọnù. Omi mẹ́ta ni kí wọ́n fi ṣan nápíkìn, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n fi wẹ ìdí ọmọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí wọ́n jẹ́ kó gba atẹ́gùn, kí wọ́n fi òrí pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

“Bí ẹ bá rí ọyún, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ọsibítù ni o, kì í ṣe èmi.”

Lọ́jọ́ kẹrin, ara ọmọ ti jọ̀lọ̀. Sherifat lọ gba ṣúgà rẹ̀. Alhaja ṣí àpótí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ìdajì páálí ló kù.

“Èkúté ni,” ni Alhaja wí.

“Èkúté tó ní kọ́kọ́rọ́,” ni Asiata fèsì.

Gbèsè ìdajì tó pòórá ṣì wà lọ́rùn Alhaja dòní.